Ẹrù Tí Kò Wúwo: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nípa Àṣejù Òṣèré

Bí mo bá dé òde àríyá, táwọn èèyàn bá fi lè gbọ́ pé ìdí fíìmù ni mo ti ń jẹun, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ló dé tí òṣèré yín ò lè mu omi bí ọmọ èèyàn? Á gbé ife sókè kí gbogbo àdúgbò lè rí i, á gbé e mì tariwo-tariwo, á wá mí kanlẹ̀, "hàáà!" Kí ló dé tí ẹni tó ń wa mọ́tò nínú fíìmù ń yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì lórí títì tó tọ́ gbọọrọ? Kí ló dé tí wọn kì í kí ara wọn pé ó dàbọ̀ lórí fóònù? Àǹtí kan tiẹ̀ bi mí níbi ìsọmọlórúkọ pé ṣé ilé-ìwé kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní àṣejù ni, kí òun lè tètè mú ọmọ òun kúrò níbẹ̀.

Èmi kì í ṣe òṣèré. Ẹrù ni mo ń tọ́jú ní lókéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù: ife, àwo, àpótí aṣọ, ìwé ìhágún, àdá, fìlà bàbá tó kú ní ìran kìíní tí wọ́n á tún bèèrè ní ìran ìkẹyìn. Ìyá Ẹlẹ́rù ni wọ́n ń pè mí, láti ìgbà tí mi ò tíì bímọ kankan. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà lẹni tó ń ṣọ́ ẹrù máa ń dúró sí, ọwọ́ òṣèré lojú rẹ̀ sì máa ń wà, torí nǹkan tiẹ̀ ni wọ́n dì mú. Ohun tí mo rí láti ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìdáhùn táwọn èèyàn ti ní nílẹ̀, pé àwọn òṣèré wa ò mọṣẹ́, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ò mọṣẹ́ lóòótọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbà òṣèré tó mọṣẹ́ wọnú egungun tó ṣe àṣejù, tó sì jẹ́ pé ohun tá a kó lé e lọ́wọ́ ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àtijọ́ kúrò lọ́nà ná. Tíátà Yorùbá ò bẹ̀rẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ìta gbangba ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn eégún alárìnjó tó ń pidán kiri ìlú, kó tó di pé Hubert Ògúndé gbé eré tiẹ̀ lọ sí Glover Memorial Hall l'Ékòó ní 1944. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Moses Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbọ̀ngàn ìlú àti gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni gbogbo wọn ti ń ṣeré. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá náà sanwó. Bí inú bá ń bí ọba nínú eré, tó sì jẹ́ ìpéǹpéjú nìkan ló fi bínú, ara ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan. Apá ló máa tó wọn lọ́hùn-ún, àti àyà, àti ẹsẹ̀ tó ń jan ilẹ̀. Nígbà tí fíìmù Yorùbá wá bẹ̀rẹ̀ ní 1976, tí Ọlá Balógun àti Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, gbé àkọ́kọ́ jáde, àwọn onítíátà yìí kan náà ló kó wá síwájú kámẹ́rà. Àwọn tó kọ́ àwọn ọ̀gá mi níṣẹ́, ara wọn ti bá gbọ̀ngàn mu kí wọ́n tó mọ kámẹ́rà.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn òyìnbó tó ṣe fíìmù kó tó di pé ohùn wọ inú rẹ̀ ní 1927, ẹ lọ wò wọ́n: ọwọ́ lórí àyà, ojú ràn, ẹnu là. Òmíràn nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi wọn rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà ìgbà yẹn, wọ́n lè ya nǹkan bíi àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbé wọn hàn lẹ́yìn náà ń sáré 24. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ wá dà bí ẹni tí agbọ́n lé.

Nígbà tí mo wọṣẹ́ yìí, kásẹ́ẹ̀tì fídíò la ṣì ń ṣe, etí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ la sì fi ń gba ohùn. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé, alágbàdo ń polówó lójú títì, olùdarí ń pariwo pé kí òṣèré gbé ohùn sókè. Ẹ dán an wò níbi tẹ́ ẹ wà yìí: ẹ fi gbogbo agbára yín pariwo "ẹ káàárọ̀ mà", kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmira. Kò ní ṣeé ṣe. Ohùn tó bá ga máa ń fa apá dání. Ọ̀pọ̀ apá tẹ́ ẹ rí tó ń fò nínú fíìmù ìgbà yẹn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló gbé e sókè. Àwọn tó ń tà á lọ́jà náà dá kún un, torí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó: ṣọ́ọ̀bù onídìrí, yàrá tí ọmọ ti ń ké, ilé tí ìyàwó ti ń ro àmàlà níbi tó ti ń fi etí kan gbọ́ ọ. Eré tó bá rọra sọ̀rọ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ ò ní gbọ́ ọ.

Gbohùngbohùn ti dára sí i báyìí. Òmíràn kéré débi tí wọ́n ń fi í pa mọ́ sínú ọrùn bùbá. Kí ló wá dé tí àṣejù ò tíì tán?

Kámẹ́rà kọ́kọ́ ni. Igun mẹ́rin péré ló ní, ohun tó bá bọ́ sẹ́yìn igun yẹn ò sí láyé. Bí mo bá ń ka lẹ́tà nílé tèmi, orí itan mi ló máa wà, n óò tẹ orí ba. Bí òṣèré bá ṣe bẹ́ẹ̀, àtàrí rẹ̀ lẹ máa máa wò. Oníkámẹ́rà á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi gbé ìwé yẹn sókè díẹ̀. Ẹ tún gbé e sókè." Wọ́n á gbé e títí á fi dé abẹ́ àgbọ̀n. Bákan náà ni fóònù, bákan náà ni ife. Ife tẹ́ ẹ rò pé òṣèré fi ń ṣe àṣehàn yẹn, ó ń bá a wá àyè nínú igun mẹ́rin ni.

Dídìde lórí àga náà nìyẹn. Bí òṣèré bá dìde bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń dìde, tí kámẹ́rà sì wà nítòsí, ikùn rẹ̀ lẹ máa rí, torí ọwọ́ oníkámẹ́rà ò tíì bá a. Wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ lé apá àga ná, kó rọra tẹ̀ síwájú, kó tó na ara. Lójú yín nílé, ó ń ṣe bí ẹni tí oríkèé ń dùn. Ẹ tún wo bí àwọn méjì tó ń jà nítorí owó ilé ṣe máa ń dúró, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Bí onílé mi bá sún mọ́ mi tó yẹn, ìyàwó rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ ké pè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi àyè tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ láàárín ara wọn sílẹ̀, ògiri lẹ máa rí láàárín, orí wọn á sì bọ́ sí etí àwòrán lápá méjèèjì.

Ti ìgbátí náà, mo ti rí i tó títí tí kò fi ń dẹ́rù bà mí mọ́. Ọwọ́ ò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà á wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, kí àyè tó wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ àti ojú má bàa hàn, ọwọ́ á sì gbéra láti ibi tó jìnnà kí ojú olùwòran lè bá a. Ẹni tí wọ́n gbá ló ni iṣẹ́ náà: òun ló máa yí orí, tó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn, tó máa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ìró rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí wọ́n fi kún un lẹ́yìn. Ní Hollywood, iṣẹ́ gidi ni fífi irú ìró bẹ́ẹ̀ kún fíìmù, ìró bàtà, ìró aṣọ, ìró ilẹ̀kùn; orúkọ Jack Foley tó fi ṣiṣẹ́ ṣe ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà títí dòní. Ìgbátí gidi, ó kúrú, ó yá, ojú kì í rí i. Ẹ̀yìn tó bá ti dún tán lèèyàn ń mọ̀. Ẹ gbé ìyẹn síwájú kámẹ́rà, àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ibi tó kan èmi gan-an ni ti ẹrù.

A ń ṣe fíìmù kan lábúlé, lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ìyàwó ilé kan ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú garawa omi lórí, ọkọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ máa ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Olùdarí ní kí n fún un ní garawa òfìfo kó má bàa rẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu, torí ọ̀nà jìn, a ó sì tún un ṣe títí. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa gbé ẹrù tí kò sí: ó nu ojú, ó di ìbàdí mú, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní "yéè, ọrùn mi o." Àwọn waka-pass, àwọn tó kàn ń kọjá lẹ́yìn nínú eré láìsọ̀rọ̀, ń rẹ́rìn-ín pa ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é, ó yí ọrùn fìrì, ó wò ó.

Ẹni tó bá ti pọnmi rí mọ̀ pé ọrùn ò lè yí báyẹn. Ẹyinjú ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá pọn dandan kó wo ẹ̀yìn, gbogbo ara á yí pa pọ̀, láti ẹsẹ̀, ọwọ́ kan á sì gòkè lọ di etí garawa mú. Ẹni tó ru omi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí èémí ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í nu ojú pẹ̀lú. Ó fẹ́ dé ilé ni.

Mo bẹ olùdarí pé kó jẹ́ kí n bu omi sí i dé ìdajì. Ó kùn, ó gbà. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó sì bọ̀. Kò nu ojú, kò di ìbàdí mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ pè é, ẹyinjú rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó, ó dáhùn ní gbólóhùn kan ṣoṣo, ó kọjá. Ọkùnrin tó ń ṣe ọkọ dákẹ́, kò rántí ohun tó yẹ kó sọ tẹ̀lé e. Omi díẹ̀ dà sí ejìká ọmọbìnrin náà, kò nù ún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ru ẹrù gidi, ó ń gbìyànjú kí wọ́n má mọ̀ pé ó wúwo. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ló ń wá bó ṣe máa fi hàn wá pé ó wúwo. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá òfìfo kiri nínú àpò mi láti kún un. Àpótí ẹni tó ń kó kúrò nílé ọkọ, mo máa ń di ìwé ìròyìn àtijọ́ àti gálọ́ọ̀nù omi sínú rẹ̀. Òṣèré á fà á lójú àtẹ̀gùn, ejìká á tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tuntun tí wọ́n fi aṣọ dì, tí àwọn ìyá inú fíìmù ń jù sókè-sódò bí ẹni ń gbọn ìrẹsì, ẹ̀wà ni mo ń rán sínú ìrọ̀rí fún wọn, mo sì ń jẹ́ kí apá kan wúwo ju èkejì lọ. Ẹ rí i pé ọwọ́ á lọ sábẹ́ orí ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ti ògógóró, tó jẹ́ omi lásán ni wọ́n ń mu tí wọ́n sì ń fi gbogbo ojú sunkún lé e lórí, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo ń fún sínú rẹ̀. Ojú ṣe tiẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan bínú sí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀hún dára.

Ti mọ́tò ò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tẹ́ ẹ rí pé wọ́n ń wà, ó dúró sójú kan, tàbí kí ọkọ̀ mìíràn máa fà á. Kò sí kòtò, kò sí ọlọ́kadà tó máa já wọ ọ̀nà, ọwọ́ òṣèré ò rí nǹkan dáhùn sí, ó wá ń wáṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí sítíárìn.

Oúnjẹ ló le jù. Ìran kan tí ẹ wò fún ìṣẹ́jú méjì, a lè fi ọ̀sán kan ya á: láti iwájú, láti ẹ̀yìn, ojú ọkọ, ojú ìyàwó, ọwọ́ nìkan. Àmàlà tó wà nínú àwo gbọ́dọ̀ ga bó ṣe ga nígbà àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkìtì á máa lọ sílẹ̀, á tún máa gòkè padà lójú yín. Èmi ni mo ń dá a padà. Ewédú á ti dì, àmàlà á ti ní awọ lójú, n óò wọ́n omi gbígbóná sí i, n óò fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Ọmọ tuntun nínú iṣẹ́ á jẹun gidi nígbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ẹran. Kò mọ̀ pé ẹran mélòó tó bá jẹ nìyẹn ló máa máa jẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àgbà á bu òkèlè tó tó èékánná, á gbé e sókè, á máa fi sọ̀rọ̀, á fi nawọ́ sí ọmọ, á tún gbé e sínú ọbẹ̀ padà. Ẹ̀ ń bínú nílé pé òkèlè yẹn ò dé ẹnu. Ọgbọ́n tó fi ń dáàbò bo ikùn rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà tó yẹ kí n sọ. Àwọn olùdarí tó jẹ́ ọmọdé báyìí, fíìmù òkèèrè ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, wọ́n ti ń pe ohun tí kì í ṣe àṣejù ní àṣejù. "Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mà. Ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀." A wà níbi tí wọ́n ti wá sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ kú. Olùdarí fẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí omijé kan ṣoṣo bọ́. Màmá tó ń ṣe ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti túfọ̀ ọmọ fún ìyá kan lójú ẹ rí?" Kò rí èsì fọ̀. Màmá ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n: ó ká ọwọ́ lérí, ó tú gèlè dànù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ náà bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì. Àwọn obìnrin abúlé tí kò sí nínú eré wa rárá sáré jáde láti ilé ìdáná wọn. Igbe yẹn wà fún ìyẹn pẹ̀lú, kí àdúgbò lè gbọ́, kí wọ́n wá di ìyá mú.

Ara wa ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀, ẹni tó fi ìka kan ahọ́n tó sì nà án sókè láti búra, ìyá arúgbó tó pòṣé tó gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, kò sí èyí tó kéré nínú wọn nílé wa, kí ló dé tó fi máa kéré nínú fíìmù? Èmi ò gbà. Ṣùgbọ́n a tún ní èyí tó kéré, tí àwọn òṣèré wa ń fi sílẹ̀ lọ: ojú tí ìyá ń ṣẹ́ sí ọmọ nígbà tí àlejò bá ní kó wá jẹ nínú ẹran òun. Kò sẹ́ni tó ń pariwo níbẹ̀, ọmọ sì ti gbọ́. Mo ti rí òṣèré tó fi orí, apá àti ejìká ṣe ojú yẹn, tí ó fi di pé àlejò gan-an ló yẹ kó sá.

Fóònù ló ṣẹ́ kù tó ń dà mí láàmú. Òṣèré gbé e sétí, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó wá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì: "Kí lẹ wí? Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Kánádà? Wọ́n wà ní pápákọ̀ òfúrufú? Ẹrù wọn sọnù?" Àtúnsọ yẹn, ọwọ́ ẹni tó kọ ìtàn ló ti wá, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nílé ò gbọ́ ẹnì kejì. Àmọ́ sísáré rẹ̀, àìfi àyè sílẹ̀ láti gbọ́ nǹkan kan, àìdágbére, etí òfìfo ló ń fà á. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sábẹ́ igi lọ́nà jíjìn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnì kejì lọ́wọ́, kó pe òṣèré náà ní tòótọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ojú ṣe ń dáhùn kí ẹnu tó yà. Olùdarí fúnra rẹ̀ fa ìlà pa ìdajì àtúnsọ náà, ó ní kò pọn dandan mọ́, a ti rí i lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lójijì láàárín ọ̀rọ̀, ọkùnrin náà wo fóònù, ó gbọ̀n ọ́n, "Haló? Haló?", ó bú ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà látọkàn wá. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù, orúkọ nìkan ni wọ́n yọ. Lókéṣọ̀n kankan ò tíì fi owó ìpè sí ìnáwó wọn. Káàdì tèmi la ṣì fi ń pè.